Jẹ̀díjẹ̀dí ni, àbí ayé, àbí ṣúgà? Ìdáhùn fún Bàbá Ìbejì, Òkè-Báálẹ̀

Ìbéèrè: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́. Ọmọ ọdún 46 ni mí, mo ní ibi ìfọmọ́tò lójú ọ̀nà Òkè-Fìa níbí ní Òṣogbo. Ó ti tó oṣù mẹ́jọ tí nǹkan ọmọkùnrin mi ò ti ṣe dáadáa mọ́. Á gbìyànjú láti dìde, kó tó débì kan, á ti rọ̀. Ti ìdájí tó máa ń jí mi tẹ́lẹ̀, n kò rí i mọ́. Mo ra ale lọ́wọ́ obìnrin kan ní Old Garage. Ó ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́yìn náà ó pa mí tì, orí sì fọ́ mi lálẹ́ ọjọ́ méjèèjì bíi pé ó fẹ́ là. Ìyá mi ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, pé mínírà tí mò ń mu ló fà á. Ọ̀rẹ́ mi ní ayé ló ń bá mi jà. Ìyàwó mi ò sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tó ń rò. Nọ́ọ̀sì kan tó wá fọ mọ́tò lọ́dọ̀ mi, nígbà tí mo fọgbọ́n bi í, ó ní ṣé mo máa ń tọ̀ lóru. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀ẹ̀mẹta. Ó ní kí n lọ yẹ ṣúgà àti ẹ̀jẹ̀ ríru wò. Kí ló kan ṣúgà kan okó? Bàbá Ìbejì, Òkè-Báálẹ̀.

Ìdáhùn: Bàbá Ìbejì, ẹ kú ìfaradà. Nínú gbogbo àwọn tó bá yín dá sí ọ̀rọ̀ yìí, nọ́ọ̀sì yẹn ló sún mọ́ ọn jù. Ìyá yín náà ò jìnnà, màá padà sọ́dọ̀ wọn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fi okó sílẹ̀ ná, ká lọ síbi iṣẹ́ yín, nítorí ẹ mọ̀ jù mí lọ nípa rọ́bà omi. Rọ́bà tuntun máa ń rọ̀. Tí ẹ bá ṣí omi, á wú díẹ̀, omi á sì fi agbára jáde. Ẹ wá jẹ́ kí oòrùn pa rọ́bà ọ̀hún fún ọdún méjì, kí ẹrẹ̀ àti ọṣẹ gbẹ mọ́ ọn nínú. Á gan paali. Á máa sán níbi tí ẹ bá ti ká a. Omi á wá máa sun tín-ín-rín. Kànga ò gbẹ, ẹ̀rọ tó ń fa omi ò bàjẹ́, ẹnu rọ́bà tí ọmọ iṣẹ́ dì mú lọ́wọ́ ò sì ṣe nǹkan kan. Àmọ́ tí ẹni tí kò mọ̀ bá dé, ẹnu rọ́bà yẹn ni yóò máa gbá mọ́lẹ̀.

Bí a ṣe ń tọ́jú okó ní ìlú yìí nìyẹn. Ẹnu rọ́bà là ń gbá mọ́lẹ̀.

Okó ò ní egungun. Ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé e dìde. Ọ̀pá méjì tó rí bíi kànìnkàìn ló sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn nínú rẹ̀. Nígbà tí ọkàn ọkùnrin bá fà sí nǹkan, ọpọlọ á ránṣẹ́ gba inú ọ̀pá ẹ̀yìn wá sísàlẹ̀. Àwọn okùn ìmọ̀lára tó wà níbẹ̀ á tú gáàsì kan tó ń jẹ́ nitric oxide sílẹ̀, awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó tẹ́ inú iṣan ẹ̀jẹ̀ náà á sì máa tú tirẹ̀. Iṣẹ́ gáàsì yìí ò ju kó sọ fún iṣan ẹ̀jẹ̀ pé kó túra. Iṣan á fẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á rọ́ wọ inú kànìnkàìn, kànìnkàìn á wú títí yóò fi tẹ àwọn iṣan tó ń kó ẹ̀jẹ̀ padà mọ́ ògiri. Ẹ̀jẹ̀ ń wọlé, kò rọ́nà jáde. Ó le nìyẹn. Tí gáàsì ò bá tó, tàbí tí iṣan ti gan débi pé kò lè fẹ̀, ẹ̀jẹ̀ tó wọlé ò ní tó tẹ ọ̀nà àbájáde pa, gbogbo rẹ̀ á sì máa jò padà. Ohun tí ẹ kọ sí mi gan-an rèé: ó gbìyànjú, ó sì rọ̀.

Ọ̀rọ̀ gáàsì yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Òun ni wọ́n torí rẹ̀ fún Furchgott, Ignarro àti Murad ní ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1998. Ọdún yẹn náà ni Amẹ́ríkà fọwọ́ sí sildenafil, èyí tí gbogbo ayé mọ̀ sí Viagra. Oògùn àyà dídùn ni àwọn tó ṣe é ń wá tẹ́lẹ̀ o. Ibi tí wọ́n ti ń dán an wò lára ọkùnrin ni wọ́n ti rí i pé ìsàlẹ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́ jù. Ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀: ọmọ ìyá kan náà ni iṣan ọkàn àti iṣan okó.

Ó kan ṣúgà báyìí. Ṣúgà tí a jẹ, bóyá láti inú mínírà ni o, láti inú ẹ̀bà ni o, inú ẹ̀jẹ̀ ló ń gbà. Insulin ni kọ́kọ́rọ́ tó ń ṣílẹ̀kùn fún un kó lè wọ inú ẹran ara, kó di agbára. Tí ọ̀rá bá ti pọ̀ nínú ikùn, ní àyíká ẹ̀dọ̀ àti ìfun, ilẹ̀kùn á bẹ̀rẹ̀ sí í le. Ara á fi insulin kún insulin. Ó lè tó ọdún mélòó kan tí èèyàn fi wà báyìí tí nǹkan kan ò ṣe é lójú ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n awọ inú iṣan ẹ̀jẹ̀ ti ń jìyà: ṣúgà ń lẹ̀ mọ́ ọn, ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ ń wọ abẹ́ rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru ń gbá a bí ọmọ alágbẹ̀dẹ ṣe ń lu irin. Awọ tó ti ṣá kì í lè ṣe gáàsì tó bó ṣe yẹ. Nígbà tó bá wá di ìtọ̀ ṣúgà gan-an, okùn ìmọ̀lára náà á bẹ̀rẹ̀ sí í kú, iṣẹ́ tí ọpọlọ rán á sọnù sọ́nà. Ìdí nìyẹn tí ọkùnrin tó ní ìtọ̀ ṣúgà fi máa ń bá ìṣòro yìí pàdé ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ṣáájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ẹ lè bi mí pé bó bá jẹ́ gbogbo iṣan ara ló ń bàjẹ́, kí ló dé tó jẹ́ okó ló kọ́kọ́ pariwo. Ọ̀rọ̀ bí rọ́bà ṣe fẹ̀ tó ni. Iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ wọ okó kò ju mìlímítà kan sí méjì lọ ní fífẹ̀. Ti ọkàn tó mẹ́ta sí mẹ́rin. Èyí tó gba ọrùn lọ sí ọpọlọ tó márùn-ún sí méje. Ìdọ̀tí tó máa di rọ́bà kékeré pa, rọ́bà ńlá ò tíì ní mọ̀ pé nǹkan ń ṣẹlẹ̀. Nítorí náà, lọ́pọ̀ ìgbà, okó máa ń dákú ní bí ọdún méjì sí márùn-ún kí ọkàn tó wá ké.

Èmi náà jẹ̀bi nínú ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tí mo ṣì kéré nídìí iṣẹ́, n kì í bi ọkùnrin léèrè ìyẹn. Ojú ń tì mí, pàápàá tí bàbá bá ti ju bàbá mi lọ. Lọ́jọ́ kan wọ́n gbé ọkùnrin kan wá lóru, ẹni àádọ́ta ọdún lé díẹ̀, òógùn bò ó, ó fi ìkúùkù di àyà mú. Ọlọ́run yọ ọ́. Ọjọ́ kẹta ni ìyàwó rẹ̀ fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù, ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní, "Dókítà, ẹ má bínú, ó tó ọdún mẹ́ta tí ọkọ mi ò ti lè ṣe nǹkan kan mọ́. Ṣé ẹ lè bá mi wo ìyẹn náà?" Ọdún mẹ́ta. Lọ́dọ̀ ẹlẹ́wé ọmọ ló ń ná owó náà sí. Kò sẹ́ni tó wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ rí. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń béèrè, bí ojú ń tì mí, bí kò tì mí.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ ìyá yín. Àwọn àgbà wa ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé ohun dídùn ń fa jẹ̀díjẹ̀dí, jẹ̀díjẹ̀dí sì ń pa ọkùnrin. Ẹ̀rí tí wọ́n rí dájú: ẹni tó ń lá ṣúgà ni okó rẹ̀ ń rọ̀. Ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣàlàyé rẹ̀ ló yà. Ìdí yíyọ àti iṣan ìdí tó wú kì í ṣe ọ̀nà kan náà pẹ̀lú èyí tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà wọ okó, nítorí náà àgbo jẹ̀díjẹ̀dí tó ń fọ ìfun ò lè tún iṣan ẹ̀jẹ̀ ṣe. Ẹ lè tọ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́, ẹ lè yàgbẹ́ títí ìdodo á fi wọlé, iṣan tó gan á wà bó ṣe wà. Ṣùgbọ́n tí ìyá bá ní kí ẹ fi mínírà sílẹ̀, ẹ dọ̀bálẹ̀ kí ẹ dúpẹ́. Ìgò 50cl kan lè gbé tó gíráàmù 50 ṣúgà, ìyẹn bíi kóró ṣúgà méjìlá. Ta ló máa ń fi kóró ṣúgà méjìlá sínú ife tíì kan?

Ti ayé ńkọ́? Èmi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìgbàgbọ́ rẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ara máa ń fún wa ní àmì. Ọkùnrin tí ara rẹ̀ dá máa ń le lójú oorun ní ìgbà mẹ́ta sí márùn-ún lóru, láìmọ̀. Èyí tó ń bá yín jí ní ìdájí, èyí tó kẹ́yìn nínú wọn ni. Tí ti òwúrọ̀ bá ṣì ń wá dáadáa, tó wá jẹ́ pé ọ̀dọ̀ ìyàwó nìkan ló ti ń kọṣẹ́, mo máa ń kọ́kọ́ wo ọkàn onítọ̀hún: gbèsè, ìjà, ìbẹ̀rù. Tí ti òwúrọ̀ bá ti lọ díẹ̀díẹ̀ bíi tiyín, iṣan ẹ̀jẹ̀ tàbí okùn ìmọ̀lára ni mo máa ń fura sí. Ẹ tún fi títọ̀ lóru ẹ̀ẹ̀mẹta kún un. Ó lè jẹ́ ṣúgà ló ń lé omi jáde. Nǹkan mìíràn lè fà á, ṣùgbọ́n ṣúgà ni ẹni tó gbọ́n máa kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Ẹ lọ wá tépù télọ̀. Mi ò ní kí ẹ wo nọ́ńbà ṣòkòtò, nítorí abẹ́ ikùn ni ọ̀pọ̀ wa ń so ṣòkòtò mọ́. Ọkùnrin kan fẹ̀yìn ti ògiri níwájú mi lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní nọ́ńbà 34 lòún ń wọ̀. Bí mo ṣe yí tépù mọ́ ọn nídodo, ó fa ikùn wọlé, ó di èémí mú. Mo ní, "Bàbá, ẹ mí." Ó ní òun ń mí. Ojú rẹ̀ ti ń pọ́n. Nígbà tó mí tán, 43 ni tépù kà. Àárín egungun ìhà tó kẹ́yìn àti egungun ìbàdí ni kí ẹ ti wọ̀n ọ́n, lẹ́yìn tí ẹ bá mí síta. Fún ọkùnrin aláwọ̀ dúdú, láti ínǹṣì 37, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà 94, ni a ti ń kíyè sára.

Lẹ́yìn náà, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ láàárọ̀ kí ẹ tó jẹun. Ní ìwọ̀n mg/dL, ṣúgà tó bá wà lábẹ́ 100 dára. 100 sí 125 ti wà lójú ọ̀nà. 126 sókè, tí wọ́n bá tún un yẹ̀ wò tí kò yàtọ̀, ìtọ̀ ṣúgà ni. Ẹ ní kí wọ́n fi HbA1c kún un, nítorí òun ló ń sọ bí ṣúgà ṣe rí láti bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Ẹni tó fi ẹ̀bà sílẹ̀ fọ́jọ́ méjì torí àyẹ̀wò ò lè tan èyí. 6.5 sókè ni ìtọ̀ ṣúgà. Ẹ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ yẹ ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ àti kíndìnrín wò.

Ó wá ku ale. Orí fífọ́ tí ẹ sọ yẹn, òun ló mú mi fura jù. Ewé wo ló ń ṣiṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ kan náà tó sì ń fọ́ni lórí bẹ́ẹ̀? Sildenafil ló máa ń ṣe báyìí. Àwọn aláṣẹ oògùn ní Amẹ́ríkà ti ká a mọ́ inú ọ̀pọ̀ nǹkan tí wọ́n ń tà fún aráyé pé ewé àti egbò lásán ni. Mi ò lè fẹnu sọ ohun tó wà nínú ike tiyín, ẹni tó tà á gan-an lè má mọ̀. Ewu rẹ̀ ni pé bí ẹni tó ń lo oògùn àyà, irú èyí tí wọ́n ń fi sábẹ́ ahọ́n, bá fi irú nǹkan yìí lé e, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè wálẹ̀ lójijì kó sì kú. Èyí tí wọ́n rẹ sínú ògógóró tún ń kó ọtí lé e lórí.

Sildenafil àti tadalafil fúnra wọn kì í ṣe ọ̀tá o. Oògùn gidi ni wọ́n, mo máa ń kọ wọ́n fún èèyàn. Ṣùgbọ́n ẹ rántí rọ́bà: kò sí èyí tó ń ṣe gáàsì nínú wọn, wọ́n kàn ń jẹ́ kí iṣẹ́ ìwọ̀nba gáàsì tó wà pẹ́ díẹ̀ ni. Tí awọ iṣan bá ti ṣá pátápátá, kí ni wọ́n fẹ́ mú pẹ́? Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń gbé oògùn mì tí nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀, tí wọ́n sì ń sọ pé ayédèrú ni.

Abẹ́rẹ́ testosterone, èròjà ara ọkùnrin, ńkọ́, tí wọ́n ń gún kiri ní kẹ́mísì? Lóòótọ́, ọ̀rá ikùn máa ń sọ testosterone di èròjà ara obìnrin, tí tọkùnrin fi ń lọ sílẹ̀. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ òwúrọ̀ ló ń sọ ìyẹn, kì í ṣe ojú. Ẹni tó bá sì ṣì fẹ́ bímọ kó ṣọ́ra gidi, nítorí abẹ́rẹ́ yẹn máa ń dín àtọ̀ kù.

Kí wá ni a lè ṣe sí rọ́bà tó ti ń gan? Tiwa sàn ju ti ibi ìfọmọ́tò lọ, nítorí awọ iṣan ẹ̀jẹ̀ máa ń tún ara rẹ̀ ṣe tí a bá gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ọrùn rẹ̀. Lọ́dún 2004, àwọn dókítà ní Naples, ní Ítálì, tẹ èsì iṣẹ́ kan jáde. Wọ́n kó ọkùnrin 110 jọ, wọ́n sanra, ọmọ ọdún 35 sí 55, wọn ò ní ìtọ̀ ṣúgà, okó gbogbo wọn ló ń dákú. Wọ́n kọ́ ìdajì, ìyẹn 55, bí wọ́n ṣe máa dín oúnjẹ kù àti bí wọ́n ṣe máa fi ara ṣiṣẹ́, wọ́n sì ń tẹ̀ lé wọn fún ọdún méjì. Àwọn 55 yòókù kàn gba ìmọ̀ràn gbogbogbòò. Nígbà tí ọdún méjì pé, 17 nínú àwọn àkọ́kọ́ ti padà bọ̀ sípò. Nínú àwọn kejì, mẹ́ta péré. Kì í ṣe gbogbo wọn ló rí i gbà padà, mi ò ní purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n ale wo ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún èèyàn 17 láìfọ́ ẹnì kan lórí?

Ẹ lè sọ pé ẹ kì í jókòó, pé iṣẹ́ alágbára lẹ ń ṣe. Bàbá Ìbejì, mo mọ ibi ìfọmọ́tò. Ọ̀gá kì í fọ mọ́tò. Abẹ́ agboòrùn lọ̀gá ń jókòó sí, pẹ̀lú fóònù àti mínírà tútù. Rírìn kíákíá fún ogójì ìṣẹ́jú, ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ́sẹ̀, fún oṣù mẹ́fà, ohun tí iṣan ẹ̀jẹ̀ ń fẹ́ nìyẹn: ìrìn tó máa mú yín mí hẹlẹ, tí ẹ ṣì lè sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tí ẹ ò lè kọrin. Ẹ lè máa ti Òkè-Báálẹ̀ fẹsẹ̀ rìn kí oòrùn tó yọ. Tí àyà bá dùn yín tàbí tí ó fún yín lọ́nà, ẹ dúró, ọ̀dọ̀ dókítà ni kí ẹ gbà lọ lọ́jọ́ yẹn.

Ní ti oúnjẹ, mi ò ní kí ẹ fi àmàlà sílẹ̀. Mi ò fẹ́ kí ìyá yín ṣépè fún mi. Kí òkèlè má ju ìkúùkù yín kan lọ, kí ẹ̀fọ́, ilá, ẹja àti ẹ̀wà gba ibi tó kù. Àwọn kan ń fi oyin rọ́pò ṣúgà, wọ́n ní oyin ìgàn ni. Ṣúgà ni oyin. Àwọn mìíràn ní ẹlùbọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ ò ní ṣúgà, wọ́n wá ń jẹ òkìtì mẹ́ta. Nínú ara, ṣúgà náà ló ń dà. Gàárì mímu lọ́sàn-án pẹ̀lú ṣúgà àti ẹ̀pà, ẹ jẹ́ kí ẹ̀pà dúró, kí ṣúgà máa lọ. Sìgá ò tiẹ̀ yẹ ní ohun tí à ń jíròrò lé lórí, ọ̀tá gbogbo iṣan ẹ̀jẹ̀ ni. Tí ìyàwó bá sì ní ẹ máa ń hanrun lóru tí èémí ń dá dúró, ẹ sọ fún dókítà, ìyẹn náà ń jẹ iṣan.

Bó bá ṣẹlẹ̀ pé ẹ ti ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ má fi sílẹ̀ torí ọ̀rọ̀ okó. Àwọn kan nínú wọn, bí atenolol, propranolol, tàbí àwọn tó ń mú kí èèyàn tọ̀, lè dá kún un. Òmíràn wà tí a lè fi rọ́pò. Rọpárọsẹ̀ tí fífi oògùn sílẹ̀ lè fà ò ní ìrọ́pò.

Ìyàwó yín tí kò sọ̀rọ̀, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè búra pé obìnrin mìíràn ló ń rò. Ẹ sọ fún un. Ẹ má gbé e gba ibòmíràn, ẹ kàn sọ pé, "Ara mi ò ṣe dáadáa, mo fẹ́ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò." Òun ló ń se ọbẹ̀, òun ló máa bá yín bu òkèlè kékeré.

Bó jẹ́ Asùbíàrò ló rọ̀ yín lọ́rùn, bó jẹ́ UNIOSUN Teaching Hospital, ẹ tètè débẹ̀ láàárọ̀. Omi nìkan ni kí ẹ mu láti aago mẹ́wàá alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Ẹ kó gbogbo oògùn tí ẹ ń lò dání, ẹ má da ìyókù ale yẹn nù, ẹ mú ike rẹ̀ wá pẹ̀lú. Àga méjì ló máa ń wà níwájú tábìlì dókítà.